Téèpù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Aṣọ Ọmọ Tó Ń Wọ JSS1

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin télọ̀ tó wà lórí ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Oṣù kẹjọ ni òjò máa ń fún Èkó ní ìsinmi díẹ̀, oṣù yẹn náà sì ni lísìtì ilé-ìwé máa ń tẹ àwọn òbí lọ́wọ́, àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ wọ JSS1. Ẹlòmíràn kì í dúró de lísìtì. Bí wọ́n bá ti ní ọmọ yege báyìí, ó ti dé ọjà Tejúoṣó, ó ti ra aṣọ búlúù yáàdì mẹ́fà. Ìgbà tó bá délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé búlúù tí ilé-ìwé ń lò kọ́ nìyẹn.

Òfin aṣọ ilé-ìwé, ìwọ̀n ni. Bí a kò bá fi nọ́ńbà kọ ọ́, ojú ni olúkúlùkù á máa fi wọ̀n ọ́n: ojú ìyá lọ́tọ̀, ojú télọ̀ lọ́tọ̀, ojú tíṣà tó dúró ní géètì lọ́tọ̀. Ẹ wo gbólóhùn tó máa ń wà nínú lísìtì: "Kí síkẹ́ẹ̀tì gùn dáadáa." Dáadáa ta ni? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "kí etí síkẹ́ẹ̀tì wà ní ìǹṣì 2 sísàlẹ̀ orúnkún", àríyànjiyàn tán. Ọmọ á kúnlẹ̀, á nàró lórí orúnkún rẹ̀. Bí etí aṣọ bá kan ilẹ̀ tó sì ṣẹ́ díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ti tó. Bákan náà ni fún ọmọkùnrin. "Ṣòkòtò tí kò fún jù" kì í ṣe òfin, àròyé ni. "Kí ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò fẹ̀ ní ìǹṣì 7 tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀", òfin nìyẹn, télọ̀ sì lè gé e.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ ya ohun tí ọmọ máa wọ lọ́jọ́ kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè dúró. Aṣọ eré ìdárayá tó ní àwọ̀ háúsì wà lára èyí tó lè dúró. Ọmọ tí wọn kò tíì pín sí háúsì kò ní àwọ̀, eré ìje láàárín háúsì sì sábà máa ń di táàmù kejì. Òbí tó ra tíṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò nínú oṣù kẹjọ, tí wọ́n wá pín ọmọ rẹ̀ sí háúsì aláwọ̀ ewé, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa sanwó.

Aṣọ méèló? Mẹ́ta dára, méjì ṣeé ṣe. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń bọ́ sí l'Ékòó, kákí tó nípọn tí ẹ sá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ojúkojú ní Mushin kò ní gbẹ di òwúrọ̀. Ẹni tó bá ní méjì péré, kó fọ èyí tí ọmọ wọ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun lálẹ́ Ìṣẹ́gun, kí ọmọ wọ ìkejì ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n fọ̀ á ní ọjọ́ méjì gbáko láti gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ owó, torí àwọn kan ń rò pé ìjọba ló yẹ kó fún ọmọ láṣọ. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ìpìlẹ̀ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba láti praìmárì títí dé JSS3, ọdún 9 gbáko. Ó tún ka ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ kò sí níbẹ̀. Ọrùn ẹbí ni ó já lé. Nítorí náà, kò bójú mu lójú tiwa kí wọ́n dá ọmọ tuntun padà ní géètì nítorí ìbọ̀sẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó wọlé kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fún òbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù náà ti kúrò ní àríyànjiyàn ní ilé-ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ ilé-ìwé. Ohun tó kù ni àwọ̀ àti gígùn, ẹ bi ilé-ìwé. Aṣọ tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi rán an, kì í ṣe aṣọ síkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, torí ooru.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá ègé aṣọ ilé-ìwé náà gan-an. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ lè gé bíńtín fún yín láti inú ìṣẹ́tí aṣọ àtijọ́, níbi tí oòrùn kò dé. Ojú aṣọ yẹn ti ṣá, yóò tàn yín jẹ. Bí ẹ bá dé Tejúoṣó tàbí Balógun, ẹ gbé aṣọ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ fi ègé yín lé e. Iná gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ búlúù dúdú àti dúdú pọ́nńbélé di ọ̀kan náà. Gbogbo yáàdì tí ẹ fẹ́ rà, ara rólù kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti gé e, torí aró rólù méjì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Ẹ fi ìlàjì yáàdì kún un fún àtúnṣe.

Ẹ fa òwú mélòó kan yọ létí aṣọ, ẹ fi ìṣáná kàn án. Bó bá jẹ́ òwú pọ́nńbélé, á jó bíi bébà, á di eérú. Bó bá jẹ́ pọlisítà, á kákò, á yọ́, á di kóró líle tó ń rùn bíi ike tó ń jó. Fún ṣẹ́ẹ̀tì, àdàpọ̀ méjèèjì ló dára, èyí tí wọ́n ń kọ 65/35 sí lára (pọlisítà 65, òwú 35 nínú ọgọ́rùn-ún): ó ń tètè gbẹ, kì í rún púpọ̀. Pọlisítà nìkan kò gba afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ 50 lè wà nínú kíláàsì kan. Ẹ tún ki ọwọ́ sí abẹ́ aṣọ funfun kí ẹ tó sanwó; bí ẹ bá ń rí ìka yín, síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ náà á hàn.

Bí aṣọ ṣe fẹ̀ sí ló ń pinnu yáàdì. Ṣòkòtò ọmọ tí gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 36 máa gba yáàdì 1 àti ìdá mẹ́rin, bí aṣọ bá fẹ̀ ní ìǹṣì 60. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ kékeré á gba yáàdì 1 àti ààbọ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀ ní 45. Pínafọ̀ á gba 2 nínú aṣọ 45, tàbí 1 àti ààbọ̀ nínú aṣọ 60.

Ẹ rẹ kákí sínú omi mọ́jú, ẹ sá a, kí télọ̀ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Òwú lè súnkì dé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Lára gígùn ìǹṣì 40, ìǹṣì 2 ló lọ yẹn. Ṣòkòtò tó bá ọmọ mu ní ọjọ́ Sátidé, tó di kókósẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọmọ ló ga lọ́sẹ̀ kan.

Nígbà tí ẹ bá ń wọn ọmọ, kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, kó mí bó ṣe ń mí, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ téèpù. Àyà tó jẹ́ ìǹṣì 28, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 32 nígbà tó bá parí, kó lè rí ààyè gbé ọwọ́ sókè. Ẹ lè sún un dé 34 nítorí ìdàgbàsókè. Èjìká ni kí ẹ má fi kún. Ọmọ tí èjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já sí ìgúnpá kò wọ aṣọ tó máa dàgbà sí, agbádá ló wọ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ nìyí: inú aṣọ. Ọmọbìnrin ló máa ń kọ́kọ́ yọ gíga, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún 10 sí 12. Ó lè fi ìǹṣì 3 ga lọ́dún tó bá ga jù lọ, ìdí àti àyà rẹ̀ á sì máa fẹ̀. Ti ọmọkùnrin sábà máa ń dé ní 13 tàbí 14, ó lè ju ìǹṣì 3 lọ. Ìyẹn ni pé pínafọ̀ ló máa kọ́kọ́ kéré, ní JSS1 gan-an. Ṣòkòtò máa ń dúró di JSS2 tàbí JSS3 kó tó fò sókè lójijì. Ẹ sọ fún télọ̀ kó fi ìǹṣì 3 tàbí 4 sílẹ̀ fún ìṣẹ́tí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pínafọ̀, kó fi ìǹṣì 1 sílẹ̀ ní ojú aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tú u lọ́la, nǹkan bí ìǹṣì 3 ni aṣọ á fi fẹ̀ sí i. Láàárín ẹ̀yìn ṣòkòtò, ìǹṣì 1 àti ààbọ̀ lójú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ṣiṣẹ́ bí ìgbàdí ṣòkòtò bá jẹ́ ègé kan gbọọrọ: kó gé e sí méjì, kó so ó pọ̀ ní ẹ̀yìn, kí ìgbàdí àti ìdí lè jọ ṣí. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ń gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìlàjì ìǹṣì kí inú aṣọ lè mọ́ lójú. Èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti kó ọdún kejì yín dà sínú àpò àkísà.

Ọwọ́ ni kí wọ́n fi rán ìṣẹ́tí, kì í ṣe maṣíìnì, kí ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìṣẹ́ rẹ̀ pa. Ìlà funfun tó máa ń kù sílẹ̀ bí wọ́n bá tú aṣọ, iná áyọ́ọ̀nù àti oòrùn ló fi í síbẹ̀, kì í lọ mọ́.

Síípù pínafọ̀ dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ẹ̀yìn lọ. Ọmọ ọdún 11 tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹ̀yìn á máa wá ẹni tó máa bá a ṣí i ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú sì ń tì í. Ẹ ní kí wọ́n rán àpò tó jìn ní ìǹṣì 6 sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù láàárín ọdún 11 sí 14, páàdì kan àti pátá kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìyá sì ti ṣàlàyé kí ọjọ́ náà tó dé.

Bàtà: ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí àlàfo ìka kan wà níwájú ọmọ-ìka tó gùn jù. Sáńdà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ á ṣí lẹ́yìn àgbàrá kejì. Ẹ jẹ́ kí ṣúmẹ́kà rán an yíká kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ rárá.

Fífọ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Omi bóhólù ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó ní irin nínú. Bí ẹ bá da Hypo sínú omi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, irin náà á yọ jáde, á di àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, ẹ̀yin á tún máa fi Hypo kún un. Ẹ pọn omi sílẹ̀ mọ́jú, kí irin inú rẹ̀ lè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ rọra da òkè rẹ̀ lò. Rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ kò fẹ́ Hypo rárá. Aṣọ dúdú, inú ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, kó má bàa máa dán bíi abẹ́ ìkòkò. Sítáàṣì tó ki jù máa ń fún búlúù ní funfun funfun. Ṣíbí ìjẹun 1 nínú omi lítà 1 ti tó.

Ẹ fi òwú rán orúkọ ọmọ sínú ọrùn aṣọ, inú ìgbàdí àti inú béréètì. Bírò máákà kì í ju ìfọ̀ mélòó kan lọ.

Irun ni àwọn òbí máa ń gbàgbé. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń ní ètò fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ̀lẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́. Ẹ gba ètò náà kí ẹ tó san owó onídìrí, torí irun tó dára jù lọ tí kò sí lórí ètò, títú ni.

Fún ilé-ìwé, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ lẹ ègé aṣọ mọ́ lísìtì. Ẹ fi ìǹṣì kọ òfin. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, ẹ kéde rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, kí JSS2 lè wọ tirẹ̀ gbó. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì ní àpótí kan tí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti kéré lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ní fífọ̀ àti lílọ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, kí ọmọ wọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ méjì: bọ́tìnnì, táì, bẹ́líìtì, okùn bàtà. Kí òbí wo aago. Bó bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí wọ́n mú ohun tó ń dá a dúró, lọ́pọ̀ ìgbà táì ni. Ẹ so ó sílẹ̀ lálẹ́, kó kàn fi í sọ́rùn láàárọ̀. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, ẹ tún gbé téèpù. Ẹ wọn ẹsẹ̀, àyà àti ìdí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà oṣù kẹjọ tí ẹ kọ sílẹ̀. Ibi tó bá fi ìǹṣì 1 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí télọ̀ tú u nígbà yẹn, torí lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa wọlé lóṣù kìíní, ìlà á ti gùn níwájú maṣíìnì rẹ̀.