Ohun Tí A Ní Láti Wò Kí A Tó Yan Irúgbìn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ti Àjàṣẹ́, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin lónìí, mo kí yín, ẹ kú ìrìn. Gbogbo wa là ń jẹ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oko àlìkámà lágbègbè wa, nítorí àlìkámà fẹ́ òtútù òru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín ní Kánò, Jìgáwá àti Bọ̀rnó ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń bomi rin ín nígbà ọyẹ́, kí ó lè gbó kí ooru tó dé.

Ìkórè tó pọ̀ kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo. Iye ṣírí tó wà lórí ilẹ̀, iye hóró inú ṣírí kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n hóró náà ló para pọ̀ di ohun tí àgbẹ̀ ń dì sínú àpò, wọ́n sì sábà máa ń fa ara wọn sẹ́yìn: bí hóró bá ti pọ̀ sí i nínú ṣírí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kéré sí i.

Ẹ wo èyí tó hù sí ìpẹ̀kun ìlà létí oko. Ṣírí rẹ̀ máa ń gùn, hóró rẹ̀ máa ń yọ̀mù, nítorí pé kò sí ohun tó ń bá a du oòrùn, omi àti ajílẹ̀ lápá kan. Ẹni tó bá já ṣírí yẹn pamọ́ fún irúgbìn, àyè tó bọ́ sí ni ó yàn. Bí a bá gbin hóró rẹ̀ sí àárín oko lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe irúgbìn fi ń gbin irú kan náà sí ojú ilẹ̀ bíi mélòó kan nínú oko kan, àti sí ìlú púpọ̀, fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n tó gbà pé ìyàtọ̀ tí wọ́n rí jẹ́ èyí tí ọmọ lè jogún.

Ìyàtọ̀ ọ̀hún kò ṣàdédé wà. Àlìkámà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, ìyẹn eruku akọ inú òdòdó tó ń mú kí hóró so, débi pé lẹ́yìn ìran díẹ̀, ọmọ kò yàtọ̀ sí ìyá mọ́, kò sì sí ohun tí a lè yàn láàárín wọn. Ènìyàn ni yóò so irú méjì pọ̀. A ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí òdòdó inú ṣírí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó yọ àpò akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, níbi tí lẹ́búlẹ́bú wà, kí wọ́n tó là, a ó fi àpò bébà bo ṣírí náà, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni a ó gbọn lẹ́búlẹ́bú irú kejì lé e. Ìran kejì lẹ́yìn ìsopọ̀ yìí ni oríṣiríṣi yóò tú jáde.

Àpẹẹrẹ tó ga jù lójú mi ni Norin 10, àlìkámà kúkúrú tí wọ́n gbé jáde ní Jàpáànù ní 1935. Orville Vogel, onímọ̀ tó ń ṣe irúgbìn àlìkámà, kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Norman Borlaug, tí òun náà ń ṣe irúgbìn àlìkámà ní Mẹ́síkò, sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Àlìkámà gíga tí a bá da ajílẹ̀ sí máa ń wó. Jíìnì inú Norin 10, ìyẹn ohun inú irúgbìn tí ọmọ ń jogún, kì í jẹ́ kí èròjà tó ń mú pòròpórò ga ráyè ṣiṣẹ́ tán, nítorí náà ó ń dúró, oúnjẹ tí ì bá sì lọ sí pòròpórò ń lọ sínú hóró. Borlaug tún ń gbin ìran kan ní Sonora, ó ń gbin èyí tó tẹ̀lé e ní òkè Toluca, ní Mẹ́síkò níbẹ̀ náà, nínú ọdún kan náà. Èyí tó bá ṣe dáadáa níbi méjèèjì kì í ka gígùn tàbí kíkúrú ọ̀sán sí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n lè gbìn ín ní Íńdíà àti Pakístánì. Wọ́n fún Borlaug ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1970.

Ní Nàìjíríà, Lake Chad Research Institute ní Màídúgùri ni a gbé ìwádìí àlìkámà lé lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìfaradà ooru ló yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo àbùdá mìíràn fún wa, nítorí ooru tó bá bá hóró nígbà tó ń kún máa ń mú un gbó láìpé ọjọ́, yóò sì rún. A lè mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ gbìn, kí ooru oṣù Kẹta bá a lórí ìdúró, kí a wá yan èyí tí hóró rẹ̀ ṣì kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo, ti yín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí atẹ́gùn ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo kiri. Ẹni tó bá yan ṣírí, ìyá nìkan ló mọ̀, kò mọ akọ; bó bá sì jẹ́ lẹ́yìn ìkórè ló yàn án, kò mọ àyè tó bọ́ sí. Ẹ yàn án nígbà tó ṣì dúró lóko. Ẹ pín oko sí abala kéékèèké, ẹ mú èyí tó dára jù nínú abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi gbogbo èyí tó wà létí oko sílẹ̀ fún jíjẹ.