Bí Mo Ṣe Ń Mú Bakitéríà Rìn Lórí Láptọ́ọ̀pù: Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe É Láìsí Oúnjẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àkúrẹ́ níbí náà la wà, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ báyìí, bátìrì mi ku 41%, torí náà màá yára díẹ̀, ẹni tí mo bá sáré jù fún kó dá fídíò dúró kó padà sẹ́yìn. Ẹ ti da ìbéèrè bò mí pé báwo ni mo ṣe ṣe àwọn bakitéríà orí láptọ́ọ̀pù tó ń kóra jọ sídìí oúnjẹ ọjọ́sí. Òun náà rèé.

Ẹ ṣí Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù, ẹ pe numpy (fún ìṣirò, np ni màá máa pè é) àti matplotlib (fún àwòrán) wọlé. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹn sórí ẹ̀rọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ká tó kọ nǹkan kan, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bakitéríà tá a fẹ́ ṣe yìí, E. coli, kò mọ ibi tí oúnjẹ wà. Kò mọ̀ ọ́n rárá! Gígùn rẹ̀ ò ju bíi micron 2 lọ (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), ó kéré débi pé kò rọrùn fún un láti fi iwájú ara rẹ̀ wé ẹ̀yìn kó mọ apá tí oúnjẹ pọ̀ sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lọ, ó ń tọ́ omi wò, ó sì ń rántí bó ṣe rí lẹ́nu ní sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan sẹ́yìn. Tó bá ń dùn sí i, kò ní tètè yà. Tí kò bá dùn mọ́, ó tàkìtì, ibi tójú ẹ̀ bá kọ sí ló ń gbà lọ. Ó sáré, ó tàkìtì, ó sáré, ó tàkìtì, iṣẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Berg àti Brown, tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú maikirosíkóòpù ní 1972, wọ́n rí i pé eré kan máa ń tó bíi sẹ́kọ́ǹdì 1, kìtì tó tẹ̀ lé e ò ju bíi 0.1 lọ.

Ẹ ronú ẹni tó ń wá alákàrà lálẹ́ lẹ́yìn Ọjà Ọba nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn birimù. O ò rí àtùpà ìyá náà, imú nìkan lo ní. Òórùn epo gbígbóná ń le sí i, o ń lọ. Òórùn ṣàdédé relẹ̀, o yà, o ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá apá ibi tó yẹ lo yà sí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti yà sínú gọ́tà rí, àmọ́ mo jẹ àkàrà yẹn ṣá.

Ó yá, kóòdù. Bakitéríà 500, ẹ fọ́n wọn káàkiri páálí kan tó jẹ́ micron 2000 níbùú lóròó: x, y, àti theta tó jẹ́ ibi tójú wọn kọ sí. Eré wọn, v = 20, ìyẹn micron 20 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. dt = 0.1, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdì tí ìṣísẹ̀ kan ń gbà. Oúnjẹ wà láàárín gbùngbùn, 1000, 1000, adùn ẹ̀ ń dínkù bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i: exp(-r/400), r ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Nínú lúùpù, ẹ sún wọn síwájú pẹ̀lú cos àti sin. Ẹ wo adùn ibi tí wọ́n dé, èmi máa ń pè é ní isinyi, èyí tó ti kọjá ni ana, orúkọ Yorùbá ni mò ń fún wọn, kí n lè mọ̀ ọ́n lóru. Wàyí o, p ni àǹfààní pé á tàkìtì ní ìṣísẹ̀ kan: p = np.where(isinyi > ana, 0.05, 0.1). Ìlà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀! Tó bá ń dùn sí i, àǹfààní pé á tàkìtì dínkù sí ìlàjì. Ẹni tí kìtì bá kàn, ẹ fún un ní theta tuntun, èyí tó bá ṣáà ti bọ́ sí. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni ana = isinyi, ẹ̀yìn pátápátá ni o, tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú p, ara wọn ni wọ́n á máa fi wé ara wọn, 0.1 ni gbogbo wọn á máa gbà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì pé kìtì gidi kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú, pé ìpíndọ́gba bó ṣe ń yà jẹ́ bíi dígírì 68, àti pé ìrántí ẹ̀ ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, sà. Ó ń fi bíi sẹ́kọ́ǹdì 1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá wé bíi 3 tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ fi sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ láìsí i náà, wọ́n á dé ìdí oúnjẹ.

Ẹ má tíì sáré é! Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ sọ adùn di 1 níbi gbogbo, kò sóúnjẹ lápá ibì kankan, kẹ́ ẹ wá sáré é fún ìṣísẹ̀ 6000, ìyẹn ìṣẹ́jú 10 tiwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́nká dọ́gba. Ẹ ka iye tó wà láàárín micron 300 sí àárín gbùngbùn: ó yẹ kó máa lọ sókè sódò yí 35 ká, torí àyè yẹn jẹ́ bíi 7% páálí náà. Mo ti fojú winá rí. Mo fi np.clip dá wọn dúró létí ògiri, àwọn kan lára wọn lọ ń lẹ̀ mọ́ ògiri, mo ti pe ọ̀rẹ́ mi pé mo ti rí nǹkan ńlá, mo ti ń wá àkọlé fún pépà! Ó ní kí n yọ oúnjẹ kúrò kí n tún un ṣe. Mo yọ ọ́, wọ́n ṣì ń lẹ̀ mọ́ ògiri síbẹ̀. Ojú tì mí kọjá sísọ. Láti ọjọ́ yẹn, x % 2000 ni mò ń lò, ẹni tó bá jáde lápá ọ̀tún á wọlé lápá òsì.

Ó dáa, ẹ dá oúnjẹ padà. Ẹ wò wọ́n... ẹ ẹ̀ rí i? Ju 400 lọ ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó júwe ọ̀nà fún wọn. Àwọn tó ń fi arctan2 dojú wọn kọ oúnjẹ tààrà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, ọkọ̀ tó ní Google Maps lẹ ṣe yẹn.

Ẹni tó bi mí bóyá bí lékeléke ṣe ń fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nírọ̀lẹ́ náà nìyí: rárá, ìyẹn súnmọ́ èyí tí Vicsek, onímọ̀ físíìsì, ṣe ní 1995, tí kálukú ń wo ibi tí aládùúgbò ẹ̀ dojú kọ kó tó yà, kò sóòórùn níbẹ̀. Ti Keller àti Segel, 1970, ìyẹn íkúéṣọ̀n nípa bí àwọn amíbà tébi ń pa, tí wọ́n ń jẹ́ Dictyostelium, ṣe ń da òórùn síta fúnra wọn, tí wọ́n tún ń tẹ̀ lé e, ìyẹn fẹ́ fídíò tiẹ̀, torí íkúéṣọ̀n yẹn lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tí wọ́n bá ti pọ̀ ju iye kan lọ.

Bátìrì ti di 19%. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kó lọ wá clip nínú kóòdù ẹ̀ kó tó kọ kọ́mẹ́ǹtì sí mi.