Ìdérí Búùtù Oníná Níwájú Olùyẹ̀wò Páténtì: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Wọ́

Ká ní ìdérí búùtù ọkọ̀ kan wúwo tó kìlógíráàmù 30, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì fi ìdajì mítà jìnnà sí híńjìsì. Nígbà tó bá nà gbọọrọ bí àjà ilé, ìwúwo yẹn ń fi nǹkan bíi 147 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára ìyípo) fa ìdérí wálẹ̀. Ọ̀pá tó ń tì í sókè kò lè jìnnà sí híńjìsì púpọ̀, torí àyè ibẹ̀ há. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré ló fi jìnnà sí i, agbára tí a nílò á tó 1,470 N (níútọ̀nù). Bí ọ̀pá méjì bá pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan bíi 735 N. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìṣirò kékeré yìí mú. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó ń wáyé láàárín olùhùmọ̀ àti olùyẹ̀wò páténtì (òṣìṣẹ́ tó ń pinnu bóyá ìhùmọ̀ kan yẹ fún ẹ̀tọ́ àdánì tí òfin ń fúnni) lórí ẹ̀rọ yìí, inú rẹ̀ ló ti ń jáde.

Bí ẹ bá la ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, ẹ óò bá mọ́tò oníná kékeré kan nínú rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pá síkúrù gígùn kan tí nọ́ọ̀tù ń rìn lórí rẹ̀. Sípíríǹgì ńlá yí wọn ká láti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ìdérí. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì wà lókè àti nísàlẹ̀, sẹ́ńsọ̀ Hall sì ń ka bí mọ́tò ṣe ń yí. Bí síkúrù bá ń sún nọ́ọ̀tù ní mìlímítà 15 fún yíyí kan, ìrìn mìlímítà 300 jẹ́ yíyí 20. Bí gíá bá jẹ́ 20 sí 1, mọ́tò á yí nígbà 400. Kí ìdérí tó ṣí tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, mọ́tò gbọ́dọ̀ máa sáré ní 4,800 yíyí ní ìṣẹ́jú kan.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí tó jẹ́ tuntun mọ́, olùyẹ̀wò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí ìwé yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo ojú ìwé mẹ́wàá láti ròyìn mọ́tò àti gíá, kí ẹ wá fi ìlà méjì ṣàlàyé ohun tó yàtọ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ náà ni olùyẹ̀wò ń wá, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ìyàtọ̀ náà ń ṣe. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá sí nínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀, yóò nira gan-an láti mú un wọlé lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń wá a. Gbogbo ìwé páténtì lágbàáyé ni a ń pín sí ẹ̀ka tó ní àmì. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀rọ ń ṣí wà ní E05F 15, èyí tó sì ń lo síkúrù àti nọ́ọ̀tù wà ní E05F 15/622. Àmì E05Y 2900/546 ló ń sọ pé ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí ìhùmọ̀ yín bá jẹ mọ́ lọ́ọ̀kì tó ń fa ìdérí wọlé ní sẹ̀ǹtímítà tó kẹ́yìn, olùyẹ̀wò á lọ sí E05B 81/20. Ṣùgbọ́n kì í dúró síbẹ̀. Bí bíréèkì bá wà nínú kíléèmù yín, ìyẹn gbólóhùn tó pààlà sí ohun tí ẹ ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí, yóò wọ F16D níbi tí àwọn bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì wà, láìka irú ẹ̀rọ tí wọ́n wà lára rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùhùmọ̀ ti máa ń bá ìyàlẹ́nu pàdé, torí àárín ọkọ̀ nìkan ni àwọn fúnra wọn wá a sí.

Nínú ìjábọ̀ àwárí, lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. X túmọ̀ sí pé ìwé yẹn nìkan tó láti bi kíléèmù ṣubú. Y ní láti bá òmíràn pọ̀ kó tó lè ṣe é. A jẹ́ ìwé tó kàn ń sọ ibi tí ìmọ̀ dé. Ẹ fara balẹ̀ ka Y. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà.

Ti jíjẹ́ tuntun kò le púpọ̀ láti lóye. Bí ìwé kan ṣoṣo, tàbí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí aráyé ti rí, bá ní gbogbo ohun tí kíléèmù kà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwòrán náà jẹ́ ẹ̀rí: bí sípíríǹgì bá hàn kedere nínú àwòrán, kò pọn dandan kí ìwé dárúkọ rẹ̀. Ohun tó máa ń dunni ni ti ẹni tó gbé ẹ̀rọ ara rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ọjà kó tó forúkọ sílẹ̀. Amẹ́ríkà fún olùhùmọ̀ ní oṣù 12 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi í han aráyé. Yúróòpù kò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀ rárá, àfi bí ẹlòmíràn bá hùwà ọ̀dàlẹ̀ sí i tàbí bó bá jẹ́ ìpàtẹ àgbáyé díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Kódà nígbà náà, oṣù 6 péré ni.

Ọgbọ́n ìhùmọ̀, ìyẹn bóyá ìhùmọ̀ náà kọjá ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ yóò tètè ronú kàn, ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, kí a sì tẹ̀ lé e délẹ̀.

Sípíríǹgì ti gbé 147 Nm náà, ìdérí dúró jẹ́ẹ́. Yìnyín wá kó jọ sórí rẹ̀, kìlógíráàmù 10, ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí híńjìsì. Ẹrù tuntun yẹn jẹ́ nǹkan bíi 59 Nm, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé ní ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó dì í mú, síkúrù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ìdérí á sì máa bọ̀ lórí ẹni tó dúró lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń fi bíréèkì sí i. Ká ní ìwé kìíní tí olùyẹ̀wò rí ní òrùka bíréèkì tó ń fún ọ̀pá mọ́ nígbà gbogbo. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń ṣí ìdérí, ó tún ń bá bíréèkì jà. Iná tó ń jẹ pọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀, òrùka sì ń gbó. Olùhùmọ̀ tiwa fi sípíríǹgì kékeré kan tí a ká mọ́ ọ̀pá sáàárín. Bí ọ̀pá bá yí sí ọ̀nà ìpadé, sípíríǹgì náà á fún mọ́ ọn, á sì so ó pọ̀ mọ́ òrùka bíréèkì. Bó bá yí sí ọ̀nà ìṣísílẹ̀, á dẹ̀, ọ̀pá á sì yí lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùyẹ̀wò rí ìwé kejì: aṣọ fèrèsé tó ń ká sókè, tó ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ láti má ṣe jẹ́ kí aṣọ já wálẹ̀. Ó kọ̀wé pé, ẹni tó mọṣẹ́ ì bá so méjèèjì pọ̀.

Ní Iléeṣẹ́ Páténtì Yúróòpù, ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé nìyí: mú ìwé tó sún mọ́ ìhùmọ̀ jù lọ, sọ ohun tó yàtọ̀ sí i, sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà mú wá, fi ìyẹn gbé ìṣòro kalẹ̀, lẹ́yìn náà béèrè bóyá ẹni tó mọṣẹ́ yóò dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bóyá ó lè ṣe é. Ó lè ṣe ohun púpọ̀. Ohun tí a ń béèrè ni bóyá yóò ṣe é, àti ohun tí yóò tì í dé ibẹ̀. Èsì tí mo máa ń rí tí kò ran olùhùmọ̀ lọ́wọ́ ni pé, "aṣọ fèrèsé kì í ṣe ọkọ̀." Olùyẹ̀wò á dáhùn pé méjèèjì ń gbé ẹrù dúró kó má bàa jábọ́, òótọ́ sì ni. Èsì tó lágbára ń bẹ nínú ìwé kìíní fúnra rẹ̀. Ká ní ó sọ pé bíréèkì gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá ní ọ̀nà méjèèjì nítorí atẹ́gùn líle lè gbá ìdérí sókè. A jẹ́ pé ìwé yẹn ń lé ẹni tó mọṣẹ́ sẹ́yìn kúrò nídìí ojútùú wa. Bí olùhùmọ̀ bá tún ti kọ iye iná tí mọ́tò jẹ pẹ̀lú sípíríǹgì náà àti láìsí i, ní ìwọ̀n ooru mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ á le. Bó bá jẹ́ pé "bíréèkì tó dára sí i" nìkan ló kọ, kò ní ohun tí yóò dì mú.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ kà ni ti KSR àti Teleflex, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2007. Pẹ́dálì ọkọ̀ tó ṣeé sún síwá-sẹ́yìn ni, tí wọ́n so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ibi tí kì í kúrò lójú kan. Irú pẹ́dálì bẹ́ẹ̀ ti wà, sẹ́ńsọ̀ náà ti wà. Ilé ẹjọ́ ní ìdí tó hàn gbangba ti wà fún ẹni tó mọṣẹ́ láti so wọ́n pọ̀, àti pé kò pọn dandan kí ìwé kan sọ ọ́ ní pàtó. Bí kíléèmù yín bá jẹ́ "ìdérí oníná tí a mọ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tí a mọ̀", ẹjọ́ yìí ló ń dúró dè yín.

Ní ti kọ̀ǹpútà adarí, àṣìṣe kan náà ni mo ń bá pàdé léraléra: "kọ̀ǹpútà tó ń dá ìdérí dúró bó bá kan nǹkan." Èyí ń sọ àbájáde tí a fẹ́, kò sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Ìṣòro gidi ni pé bí ààlà iná mọ́tò (iye iná tí ìdérí á dúró bí mọ́tò bá jẹ ẹ́ kọjá) bá kéré jù, otútù àti orí òkè á mú ìdérí dúró láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, ọwọ́ ènìyàn á há. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ń wọn ààlà náà: ibi tí ìdérí dé gẹ́gẹ́ bí sẹ́ńsọ̀ Hall ṣe kà á, ooru, fóltì bátìrì. Ní àpẹẹrẹ wa, bí sẹ́ńsọ̀ bá ń fúnni ní àmì 4 fún yíyí kan, àmì 1,600 ló wà nínú ìrìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá kó bíréèkì yìí àti ọ̀nà ìṣirò yẹn sínú ìwé kan láìsí ohun tuntun tó so wọ́n pọ̀, olùyẹ̀wò á sọ pé ìhùmọ̀ méjì ni, ẹ ó sì yan ọ̀kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àtúnṣe kíléèmù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí páténtì rere tó kú jù lọ. Abala 123(2) nínú Àdéhùn Páténtì Yúróòpù kò gba kí ẹ fi ohunkóhun kún ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká ní nínú ìwé yín, gbogbo ibi tí sípíríǹgì kékeré náà ti hàn, ìhà mọ́tò ló wà, ṣáájú gíábọ́ọ̀sì. Olùyẹ̀wò ti fi ìwé kìíní lu kíléèmù yín, ẹ wá kọ "bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo" sí i, ẹ kò sọ ibi tó wà. Ẹ ti mú ohun kan jáde kúrò láàárín àwọn tó bá a rìn, ẹ sì sọ ọ́ di gbogbogbòò. Olùyẹ̀wò tó lójú á kọ̀ ọ́.

Ibi tó wà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ padà sí yìnyín wa: 59 Nm, sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀pá méjì, ó jẹ́ nǹkan bíi 295 N lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú síkúrù mìlímítà 15, bí a kò bá ka ìfarakanra sí, bíréèkì tó wà ní ìhà síkúrù gbọ́dọ̀ mú nǹkan bíi 0.7 Nm. Bó bá wà ní ìhà mọ́tò, gíá ti pín in sí ọ̀nà 20, 0.035 Nm péré ló kù. Òrùka tó kéré gan-an á tó. Ẹni tó kọ sínú ìwé rẹ̀ pé "bíréèkì lè wà ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìhà mọ́tò sàn jù nítorí agbára ìyípo ibẹ̀ kéré" ti fi gbólóhùn kan ra ọ̀nà méjì sílẹ̀: kíléèmù gbòòrò, àti kíléèmù tóóró tó ní ìdí tirẹ̀ bí èyí tó gbòòrò bá ṣubú.

Nígbà míì olùyẹ̀wò kì í rí i, páténtì á sì jáde. Ẹ má tíì yọ̀. Láàárín oṣù 9 lẹ́yìn tí a kéde ìfúnni, ẹnikẹ́ni lè takò ó ní Yúróòpù, ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò alátakò á sì ṣe ni pé kó fi kíléèmù wé ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bó bá bá ohun tí a fi kún un, ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n Abala 123(3) kò gbà kí ẹ̀tọ́ gbòòrò sí i lẹ́yìn ìfúnni, yíyọ tí ẹ sì fẹ́ yọ "ní ọ̀nà kan ṣoṣo" á mú un gbòòrò. Àyàfi bí ẹ bá lè rọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó tóóró jù ú lọ látinú ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ sí i, bíi "ní ìhà mọ́tò, ṣáájú gíábọ́ọ̀sì", ẹ kò lè fi í sílẹ̀, ẹ kò lè yọ ọ́. Bí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, wọ́n á fagi lé páténtì náà, bó ti wù kí bíréèkì náà ṣiṣẹ́ tó lórí ọkọ̀.