Àlejò Ń Wòran, Onílé Ń Tìlẹ̀kùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ti Ìbàdàn gan-an. Báwo la ṣe fẹ́ máa ṣe é tí yóò dùn mọ́ àlejò, tí kò ní di ìyà fún ẹni tó ń gbé àdúgbò tí ọdún ń gbà kọjá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Òkè'Bàdàn. Oṣù kẹta la máa ń ṣe é, láti fi rántí àwọn tó bá Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, sá gun orí òkè nígbà tí ogun tú ìlú wọn. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, wọn kì í sì ná ọjà. Ìnira ni o! Oníṣòwò ò pa kọ́bọ̀, ìyá ọlọ́mọ sì ní láti se oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti mọ ọjọ́ náà ṣáájú, olówó àti tálákà ló sì jọ gbé e. Irú ìnira bẹ́ẹ̀, ara gbà á.

Ti Olóòlù yàtọ̀. Egúngún Òde Ajé ni, ìgbà òjò ló máa ń jáde, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ fojú kàn án. Èèwọ̀ ni, àwọn tó ni ín ló lè sọ̀rọ̀ lórí èèwọ̀ wọn. Mi ò bá tìyẹn wá. Ìyá tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ni mò ń rò. Bí ìlù bá ti dún, ó di kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó fi igbá ata sílẹ̀, kó sá wọlé. Títí di ìgbà wo? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí Olóòlù bá sì kọjá, eégún mìíràn tún wà lẹ́yìn, tòun ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mú pàṣán lọ́wọ́, ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn rí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó le jù. Ká ní obìnrin kan ń rọbí ní Àrẹ̀mọ. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtù, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà há, èrò ti dí i, ẹni tó fẹ́ gbé e lọ ò sì mọ̀ bóyá eégún ti kọjá tàbí ó ṣì ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gba iṣẹ́ ọ̀sán pàápàá lè wà nínú ilé, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Àlejò tó ń ya fọ́tò níta kò lè mọ̀.

Kí la lè ṣe? Àwọn alágbàáà, ìyẹn olórí àwọn eléégún, mọ ojúlé tí eégún wọn máa ń yà kó tó dé ààfin Olúbàdàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tòun ti àkókò rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kéde rẹ̀ lórí rédíò àti WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Aláta á mọ ìgbà tó máa palẹ̀mọ́, nọ́ọ̀sì á tètè jáde nílé.

Venice ní Ítálì gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó fi máa di 2022, àwọn tó ń gbé àárín ìlú náà kò tó 50,000 mọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn mọ́jú, láwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀; yúrò 5 ni lọ́dún náà. Onílé kì í san. Lójú tèmi, a ò lè gba irú owó yẹn ní Òjé, n'Ìbàdàn níbí, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó kó tó wo eégún bàbá rẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó bá gbé pátákó ìpolówó kọ́ lójú agbo lè sanwó ilé ìyàgbẹ́ àti ti àwọn tó máa kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò nínú gọ́tà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìgbà òjò ni, ẹ má gbàgbé. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 kò ní fojú kékeré wo gọ́tà tó dí.

Ti èrò náà ń kọ mí lóminú. Ní 18 oṣù kejìlá 2024, níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé ní Bashọ̀run, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọdún ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀nà kan wà láti Òde Ajé sí Yemẹtù tí èrò kò ní dí rárá. Kí ọkọ̀ aláìsàn wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ agbo ilé eégún fúnra wọn sì dúró tì í, torí ibi tí ọlọ́pàá bá ti sọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́, ọmọ ilé lè dá eégún dúró kí aboyún kọjá.