Ìyá Rẹ̀ Ń Jẹun: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíbí Màlúù Lágbo Ẹni àti Ríra Ẹgbọrọ Lọ́jà

Ìsẹ́yìn ni mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, níwájú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́ran. Mo ti yọ ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kúrò. Ibi tí mo ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sílẹ̀.

Alága, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àga kò kàn, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá sọ èyí tó sàn nínú méjì: kí èèyàn sin abo màlúù kó máa bímọ fún un títí ọmọ yóò fi tó tà fún alápatà, tàbí kó ra ẹgbọrọ lọ́jà, kó bọ́ ọ sanra, kó tà á. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò tó mi kí àwọn àgbà tó wà níjòókòó. (Ẹ̀rín.)

Kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí ọmọ màlúù bá já lẹ́nu ọmú lágbo yín lónìí, èló lẹ ti ná lé e lórí?

Bàbá kan níwájú dá mi lóhùn pé, "Kí ni mo fẹ́ ná? Ṣebí ọmú ìyá rẹ̀ ló ń mu."

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìdáhùn yẹn gan-an ni mo bá wá. Ọmú ìyá rẹ̀ ló ń mu lóòótọ́. Kí wá ni ìyá rẹ̀ ń jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Abo Bùnájì, màlúù funfun oníwo gígùn tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, bó bá wọn 300 kílò, á jẹ koríko tútù tó tó 30 kílò lóòjọ́. Ẹ sọ 30 di ọ̀nà 365, ẹ ó rí 10,950 kílò. Ká pè é ní tọ́ọ̀nù 11 lọ́dún kan. Ìyá kan ṣoṣo ni o. Ó ń jẹ ẹ́ nígbà tó lóyún, ó ń jẹ ẹ́ nígbà tí kò lóyún, bó bá sì ń fọ́mọ lọ́mú, á tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyún rẹ̀ kọjá oṣù 9 díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á sọ pé ọmọ kan lọ́dún kan nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abo tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti fa ìhà rẹ̀ yọ kì í wá akọ, kódà kí akọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nínú agbo tí a ń dà bí a ṣe ń dà á níhìn-ín, bí ìyá 10 bá wà, tí 6 bá bí lọ́dún, ẹ dúpẹ́. Kí 1 nínú 6 náà kú kó tó já lẹ́nu ọmú, kì í ṣe ohun tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ku 5. Ìyá 10, ọmọ 5. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ru oúnjẹ ìyá méjì lórí, tọ́ọ̀nù 22. Mi ò tíì ka akọ tó ń gùn wọ́n. Mi ò tíì ka ọ̀dọ́ abo tó lè di ọmọ ọdún 4 kó tó bí àkọ́bí rẹ̀, tó sì ń jẹun ní gbogbo ọdún yẹn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú sí àwọn ọ̀gá tó ń gbé ẹ̀rọ aláwòrán wá láti ọ́fíìsì. Màlúù tó wà nínú àwòrán wọn ń bí lọ́dọọdún. Kì í ṣẹ́yún, kì í yarọ, wọn kì í jí i gbé. Bí mo bá rí irú màlúù bẹ́ẹ̀ rà, èmi náà á fi iṣẹ́ ẹran bíbọ́ sílẹ̀. (Àtẹ́wọ́.)

Tẹ́lẹ̀, ta ló ń san owó tọ́ọ̀nù 22 yẹn? Kò sẹ́ni tó ń san án. Igbó ni. Ẹran á jáde láàárọ̀, á jẹ oko Lágbájá, á jẹ etí odò Tàmẹ̀dò, ìjà tó bá sì tìdí rẹ̀ yọ, ìwé ìṣirò kankan kò kọ ọ́. Ní báyìí ńkọ́? Èkìtì ṣòfin lórí ìdaran ní gbangba ní 2016. Ọ̀yọ́ tiwa ṣe é ní 2019. Ní oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de ìdaran ní gbangba, Oǹdó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì ṣe tiwọn lọ́dún yẹn kan náà. Mi ò bá ti òṣèlú wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé koríko ti dohun tí à ń fowó rà. Ẹ ó gbin èèsún, ẹ ó gé e, ẹ ó gbé e, ẹ ó ta wáyà yí ọgbà ká, ẹ ó gbẹ́ kànga. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bí màlúù bí bàbá òun ṣe bí i, kó kọ́kọ́ lọ wá koríko ọ̀fẹ́ bàbá rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó lọ sọ́jà. Ó ra ẹgbọrọ akọ tó ń lọ sí ọmọ ọdún méjì, tó wọn nǹkan bíi 200 kílò. Ó so ó mọ́lẹ̀ fún 100 ọjọ́. Èèpo pákí ló fi ń bọ́ ọ, èyí tó ti sá gbẹ dáadáa kí májèlé inú rẹ̀ lè lọ, pẹ̀lú eèrí àgbàdo, ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti iyọ̀ díẹ̀. Èèpo pákí yìí kan náà là ń dáná sun lẹ́yìn ibùdó gàrí káàkiri Òkè-Ògùn. Láàárín 100 ọjọ́, ẹran yìí á jẹ nǹkan bí 600 kílò oúnjẹ gbígbẹ. Bí a bá sá tọ́ọ̀nù 22 koríko ọjọ́sí, ohun tó máa kù á lé ní tọ́ọ̀nù 5. Ẹ fi 600 kílò síwájú rẹ̀. Bó bá ń fi ìdajì kílò sanra lóòjọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, á ti fi 50 kílò lé e kí 100 ọjọ́ tó pé. Owó ti padà sọ́wọ́. Ẹni tó ń sìn ín kó bí ṣì ń dúró de akọ tó máa gun tirẹ̀.

Ẹni tó ń bọ́ ọ fún Iléyá, kó má fi oṣù òyìnbó há a sórí. Ọdọọdún ni Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí nínú kàlẹ́ńdà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, koríko ti yọ. Tó bá máa fi di 2030, àárín oṣù kẹrin la ó ti máa ṣe é. A jẹ́ pé inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an lẹ ó ti máa bọ́ ọ. Ẹni tí kò bá kó oúnjẹ gbígbẹ jọ láti ìkórè, eegun ló máa gbé lọ sọ́jà.

Nípa eyín. Ẹ máa ń gbọ́ pé kí ẹ wo eyín ẹran kí ẹ tó rà á, pé méjì tó bá ti pààrọ̀ fi hàn pé ó ti tó bí ọmọ ọdún méjì. Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ sọ́jà Akínyẹlé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí. Ó ya ẹnu màlúù àkọ́kọ́, ó pariwo pé arúgbó ni, pé eyín òkè rẹ̀ ti ká tán. Ó ya ìkejì, ó pariwo. Ìgbà tó dé orí ìkẹrin ni alágbàtà kan fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní, "Ọ̀gá, kò sí màlúù tó leyín iwájú lókè láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a." (Ẹ̀rín pọ̀ níbí.)

Ọ̀rẹ́ mi mìíràn jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi níbẹ̀ yẹn, ó mọ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń sọ fún mi pé ẹni tó ń ra màlúù lọ́jà, àrùn ló ń rà. N ò ní í purọ́ fún yín. Ó jàre mi lọ́dún kan. Mo ra méje lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ń dán. Wọ́n ti wọ tírélà láti òkè lọ́hùn-ún. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀, láti ọjà Máí Àdúà ní Katsina tàbí Máígàtárí ní Jigawa, lè yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lára ẹran kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fún wọn lómi, mo tú wọn sáàárín àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà, mo jáde ní ìdájí, mo gbọ́ ikọ́ kan. Kò le, ó kúrú, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi ikọ́ pe èèyàn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn méje náà ni. Ó na ọrùn síwájú, ó ya ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú síta, kò fẹ́ kí ohunkóhun kan àyà òun. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù ni. Kí òjò tó dá, mẹ́rin kú, méjì nínú wọn jẹ́ ti ilé. Ẹni tó tà á fún mi kò ṣe mí ní jìbìtì. Àrùn yẹn lè sá pa mọ́ sínú ẹran fún oṣù mélòó kan láì wúkọ́.

Nítorí náà, kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́ dára, ó sì di dandan, ṣùgbọ́n kò mú gbogbo olè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó ti wà láti 1924, ọdọọdún la sì gbọ́dọ̀ gún un. Ohun tí mo wá ń ṣe láti ìgbà náà ni pé mi ò ra ẹran tírélà mọ́. Gáà tó wà nítòsí, ní Ṣakí, ní Ìgbòho, ní ẹ̀yìn ìlú yìí, ni mo ti ń rà. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn mí.

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí ìyá kan láti Ọ̀tù dìde. Alága ní kí wọ́n dúró di ìparí. Wọ́n ní àwọn kò lè dúró, ọkọ̀ àwọn ń lọ.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ó ti pẹ́ tí o ti ń pariwo pé ìyá rẹ̀ ń jẹun. O ní ẹni tó ń bí i ń pàdánù. O tún wá ní gáà lo ti ń rà á. Àwọn ará gáà yẹn, ta ló ń san tiwọn? Bí wọ́n bá ń pàdánù, kí ló dé tí wọn ò tíì dáwọ́ dúró?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ní ìwé ojú mẹ́jọ lọ́wọ́, kò sí ìdáhùn nínú ọ̀kankan.

Ìyá kò jókòó. Wọ́n ní àwọn ní màlúù mẹ́ta lọ́wọ́ ìdílé Fúlàní kan láti ọdún 11, bí wọ́n ṣe máa ń fi ewúrẹ́ sìn láyé àtijọ́. Àwọn kò sanwó darandaran rí. Tàwọn ni ọmọ. Tìyàwó Fúlàní ni wàrà.

Wàrà! Mo ti ṣírò koríko, mo ti ṣírò ikú, mo gbàgbé ohun tó wà nínú igbá. Ìyá màlúù yẹn kò jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sanwó oúnjẹ rẹ̀ láràárọ̀. Bí ẹ bá dé gáà ní ìdájí, ẹ ó rí i. Wọ́n á tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí okùn, á sáré lọ fẹnu kan ọmú kí wàrà lè sọ̀. Wọ́n á fà á kúrò, wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n á fún tiwọn, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Lítà kan sí méjì ni. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 200 ọjọ́, lítà 200 sí 400 nìyẹn. Ìyàwó ilé á gbé e kaná, á fún omi ewé bomubómú sí i, á dì, á sẹ́ ẹ, á sì gbé wàràkàṣì wá sójú títì. Ẹ fi iye tí ẹ ń rà á ní ìlú yín sọ ọ́ di owó. Òun ló ń bọ́ ìyá. Ọmọ tí mo ń rà, èlé ni.

A jẹ́ pé mo ti ń bi ìbéèrè tí kò pé láti ọdún mélòó yìí. Kì í ṣe "ṣé kí n bí i tàbí kí n rà á?" Ta ló máa ra wàrà lọ́wọ́ mi? Ẹni tí kò bá rí ẹni ra wàrà, tó sì ń gbin koríko, kó má sìn ín kó bí, kó lọ rà. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà tí wàrà ń tà, kó sìn ín.

Alága gbé aago sókè. Ojú ìwé márùn-ún ló kù lọ́wọ́ mi, mo sáré wọ̀ ọ́ báyìí. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ mu wàrà àkọ́sun ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí 6, bó bá kọ̀, ẹ fún un sí i lẹ́nu. Màlúù Kẹ̀tẹ̀kú àti Ndama, irú èyí tí wọ́n sìn ní Fáṣọlá ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, kéré lára, ṣùgbọ́n wọ́n ń fara da àrùn eṣinṣin tsetse ju Bùnájì lọ. Ẹ má ra abo tí ẹ kò mọ ìtàn oyún rẹ̀, nítorí èyí tó ń ṣẹ́yún lè ní àrùn tó ń gba inú wàrà tí kò rí iná wọ ara èèyàn. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, tí oògùn ibà kò ràn, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin màlúù.

Ọ̀rẹ́ mi ọwọ́ ọ̀tún nawọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé òun ló jàre. Mo ní ìyá Ọ̀tù ló jàre.

Mo sá tẹ̀ lé ìyá dé ibùdókọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ìyàwó Fúlàní yẹn ń fún wàrà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ni, pé ti ìrọ̀lẹ́, ọmọ ló ń mu ún. Mo ní èló ni wọ́n ń ta ọmọ náà bó bá já lẹ́nu ọmú. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ mọ́tò.