Ìkòkò Àíṣà, àti ọmọ wa tó wà nínú òtútù

Àsàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, nílé lóko. Ọpẹ́ ni f'Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ n tètè wọ inú ọ̀rọ̀, torí inú mi ò dùn.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, tí ọyẹ́ ń mú gidi, ìyá kan láti Òkè-Àpáké dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí n gbọ́ ohùn ọmọ òun tó wà ní Edmonton, ní Kánádà. Ọmọ náà ní oorun lòun ń sùn ṣáá, bí òun bá sì jí, ṣe ló tún ń rẹ òun. Ìrun ò yá òun lára, kò sí nǹkan tó wu òun mọ́. "Màámi, ó dà bíi pé wọ́n da aṣọ dúdú bò mí." Ìyá wá fi èsì tí àwọn ẹbí fọ̀ sí i hàn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Àǹtí kan ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ti ń yìnrìn. Ààfáà kan sì ti gba owó àgbò lọ́wọ́ ìyá yìí, ó ní ayé ló ń bá ọmọ náà jà.

Owó àgbò! Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ní Edmonton, ní ìparí oṣù Disẹ́ńbà, aago mẹ́jọ àárọ̀ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ, kó sì tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Ojúmọmọ ibẹ̀ ò ju bíi wákàtí 7 àti ààbọ̀ lọ. Tiwa níhìn-ín, bí ọyẹ́ ti wù kó bo sánmà tó, ó lé ní wákàtí 11. Àìsàn ìbànújẹ́ tó máa ń bá ìgbà òtútù wá yìí, dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ láti ọdún 1984. Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù wà lára ohun tó ń fà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Àíṣà, ìyàwó Ànábì wa, fún yín, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ó wà nínú ìwé hádíìsì, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì, ti Bùkáárì àti ti Músílímù. Bí èèyàn bá kú nínú ẹbí rẹ̀, àwọn obìnrin á péjọ, wọ́n á sì tú ká, á wá ku àwọn ẹbí àti àwọn tó sún mọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ àkókò yẹn, tí àlejò ti lọ tán, tí ilé wá pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni Àíṣà máa ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná. Wọ́n á se talbínà, ìyẹ̀fun ọkà báálì tí wọ́n sè kó ṣàn, tó funfun bíi wàrà, bí ẹ̀kọ mímu tiwa. Wọ́n á fi ọbẹ̀ rin búrẹ́dì, wọ́n á da talbínà lé e lórí. Á wá ní: "Ẹ jẹ nínú rẹ̀, torí mo gbọ́ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń sọ pé talbínà máa ń fún ọkàn aláìsàn ní ìsinmi, ó sì máa ń mú díẹ̀ lọ nínú ìbànújẹ́."

Díẹ̀ ló wí. Àíṣà, pẹ̀lú gbogbo hádíìsì tó wà lórí rẹ̀, ìkòkò ló kọ́kọ́ gbé kaná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní aláìnígbàgbọ́, Ànábì Yàkúùbù sunkún Yúsúfù ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Òun náà ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn ẹni ìṣáájú fẹ́ràn ìgbà òtútù, torí ọ̀sán rẹ̀ kúrú fún ààwẹ̀, òru rẹ̀ sì gùn fún ìrun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn lẹ ń fi ìyẹn nà. Ẹ máa dáhùn fún ọ̀rọ̀ ẹnu yín níwájú Ọlọ́hun. Bí ọmọ náà bá sì ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má pè é ní àwàdà. Nọ́ńbà 988 wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru. Kó pè é, kó sì rí dókítà.

Dókítà yẹn náà ló máa sọ bóyá àtùpà ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí bá ojú rẹ̀ mu, èyí tó ń tàn tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), tí èèyàn ń jókòó sí iwájú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 láràárọ̀.

Mo ti ní kí ìyá máa pè é lẹ́yìn Àlàásárì. Bí aago bá lu márùn-ún níbí, mẹ́sàn-án àárọ̀ ló lù lọ́dọ̀ tirẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kí ọmọ náà wọ kóòtù, kó jáde síta, kó rìn díẹ̀, kó fi ìrun ìyálẹ̀ta rákáà méjì kún un tó bá wọlé. Kí ìyá má béèrè owó. Kó béèrè ohun tó jẹ.