Nọ́ńbà wo ló ń wó ilé tí ilẹ̀ bá mì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa l'Ékìtì, nílé lóko. Tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nínú ìròyìn ni magnitude 7, magnitude 8. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yẹn ò lè sọ bóyá ilé máa wó. Agbára tó tú jáde nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń sọ, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni fún gbogbo ìlú, bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ abẹ́ ilé yín ṣe mì gan-an ló kan ilé yín.

Nọ́ńbà méjì wà tí wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Èkíní ni PGA (peak ground acceleration). Ẹ wò ó báyìí, tí mọ́tò bá ń gbé yín láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, eré kọ́ ló ń ta yín síwájú, bíréèkì òjijì ni. PGA ni jíjà òjijì yẹn níbi tó le jù, g ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 1 g ni bí nǹkan tó já bọ́ láti òkè ṣe ń yára sí i. Èkejì ni PGV (peak ground velocity), ìyẹn eré tó pọ̀ jù tí ilẹ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Tí mímì náà bá le, PGV ló sábà máa ń bá ìbàjẹ́ ilé mu jù, torí PGA lè ga fìrì kó sì ti lọ kí ògiri tó mọ̀.

Ilé náà ní bó ṣe ń fì tiẹ̀. Ilé ilẹ̀ lásán ń fì kíá, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, alájà mẹ́wàá á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fífì ilẹ̀ bá bá ti ilé ṣe déédéé, wàhálà dé nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mexico City nìyẹn, 19 September 1985. Magnitude 8.0, ó lé ní 350 kìlómítà sí ìlú. Lórí àpáta, ní yunifásítì wọn, PGA ò ju bíi 0.03 sí 0.04 g lọ, àmọ́ láàárín ìlú, lórí amọ̀ rírọ̀ tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún odò àtijọ́, ó tó 0.17 g, ìlú kan náà o! Amọ̀ yẹn ń fì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, kò sì tètè dúró. Ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jẹ̀ ẹ́ jù, torí bí ara wọn ṣe ń sán ni fífì wọn ń falẹ̀ sí i, títí wọ́n fi bá ti ilẹ̀ mu. Torre Latinoamericana tó ní àjà 44 ò wó, ọ̀pọ̀ ilé kékeré náà ò wó.

Àpáta pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wo Olósùnta, a sì jìnnà síbi tí ilẹ̀ ti sábà ń mì burúkú. Síbẹ̀ ilẹ̀ mì díẹ̀ ní Kwoi, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ní 2016, ó mì l'Ábújá ní 2018. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì ṣọ́ọ̀bù, pàápàá lórí àkùrọ̀: kò sí ògiri níwájú, òpó nìkan, gbogbo fífì á wá kó sórí òpó yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ irú ẹ̀, ẹ dúró ti iron bender yín, kó to ríìngì súnmọ́ra dáadáa lókè òpó àti nísàlẹ̀ ẹ̀, ju àárín lọ, kí wọ́n tó da kọnkéré.